Òjò Ká Mi Mọ́ Ọ̀nà Aṣejire: Ṣé Kí N Máa Lọ Ni, àbí Kí N Dúró?

Arábìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Ó fẹ́ dá gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ìbàdàn dé Adó-Èkìtì ní ìparí oṣù kẹsàn-án, kó gba Ifẹ̀, Iléṣà àti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, kó sì fi ọjọ́ mẹ́ta rìn ín. Nígbà tó kọ́kọ́ dán ara rẹ̀ wò dé Ìkirè, òjò ńlá ká a mọ́ ọ̀nà lẹ́yìn Aṣejire. Abẹ́ igi ló sá sí. Báàgì rẹ̀ rin gbingbin, fóònù rẹ̀ kú, ilẹ̀ sì ti ṣú kó tó rí òtẹ́ẹ̀lì wọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ní kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí di ìgbà ọyẹ́. Ó wá bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, bí òjò bá dé, ṣé kí n máa wa kẹ̀kẹ́ mi lọ ni, àbí kí n dúró? Kí ni mo lè wọ̀ tí òjò ò fi ní pa mí? Ṣé lóòótọ́ ni pé rọ́bà táyà kì í jẹ́ kí àrá ṣe ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ní nǹkan?”

Àbúrò mi, o kú ìrìn, o sì kú ewu ọjọ́ yẹn. Ìbéèrè mẹ́ta lo bi mí, ṣùgbọ́n èyí tí o kò bi mí ló wúwo jù lójú tèmi: kó o tó kúrò nílé lọ́jọ́ náà, ṣé o ti mọ ibi tí wàá yà sí bí ọ̀run bá ṣú? Tún lẹ́tà rẹ kà, wàá rí i pé òjò fúnra rẹ̀ kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ara tutù, ara á gbẹ. Ohun tó dà ọ́ láàmú ni pé ilẹ̀ ṣú bá ọ pẹ̀lú aṣọ tutù, láìsí fóònù, ní ìlú tí o kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ọ̀kan lè gbé aṣọ gbígbẹ fún èkejì, ọ̀kan lè fóònù. Ẹni tó dá rìn gbọ́dọ̀ ti ṣe ìpinnu náà ṣáájú, nígbà tí orí rẹ̀ ṣì gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ràn rẹ ló ṣe sọ ohun tó sọ, àmọ́ ó dájú pé kò tíì wa kẹ̀kẹ́ kọjú sí ọyẹ́ rí. Láti Ìbàdàn lọ sí Adó, apá ìlà oòrùn àti àríwá lò ń kọjú sí. Apá ibẹ̀ gan-an ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá. Á máa fẹ́ lù ọ́ láyà láti Ìwó Road títí dé orí òkè Ẹ̀fọ̀n, ètè á máa là, eruku á sì bo iwájú débi pé awakọ̀ lè má tètè rí ọ. Ní ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ tó ń gbé ìkùukùu wá láti orí òkun ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ẹ̀yìn rẹ ló sì wà. Ó ń tì ọ́ lọ ni. Bó bá jẹ́ pé Ìbàdàn sí Èkó lò ń lọ, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀nà tìẹ yìí, ìparí oṣù kẹsàn-án tẹ́ mi lọ́rùn ju oṣù kìíní lọ.

Ohun tó o nílò ni kó o mọ irú òjò tó ń bọ̀. Òjò wa kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó máa ń rọ̀ ní oṣù kẹfà àti ìkeje lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kó má dá títí ọ̀sán, láìsí ìjì, láìsí àrá púpọ̀. Ó ń súni, àmọ́ èèyàn lè wa kẹ̀kẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èyí tó máa ń wá nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, àti nígbà tó bá ń palẹ̀ mọ́ ní ìparí oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, yàtọ̀ gan-an. Oníjì ni. Láti ìlà oòrùn ló ti máa ń wá, ó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló sì sábà máa ń dé, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti ta gan-an. Ooru á kọ́kọ́ mú, ewé kan ò ní mì. Lẹ́yìn náà wàá rí i tí ọ̀run dúdú bí ògiri níwájú rẹ, àfẹ́fẹ́ tútù kan á sì ṣàdédé fẹ́ pẹ̀lú eruku àti ọ̀rá pọ́ọ̀-wọ́tà tó ń fò kiri. Bí afẹ́fẹ́ tútù yẹn bá ti kàn ọ́ lójú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù.

Níbi tí orí ti ṣe ọ́ re ni pé ìlà oòrùn lò ń wò. Ẹni tó ń ti Èkìtì bọ̀ wá sí Ìbàdàn, ẹ̀yìn ni irú òjò bẹ́ẹ̀ máa ń gbà yọ sí i. Ìwọ á rí i láti òkèèrè. Má gbìyànjú láti sá fún un. Ìwọ àti ìjì náà ń pàdé ara yín ni, nítorí náà kíákíá ló máa dé, kíákíá náà ló sì máa kọjá: apá tó le jù nínú rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan lọ, wíniwíni ni yóò kù lẹ́yìn rẹ̀. Gbàrà tó o bá ti rí ògiri dúdú yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún ọ: wá ilé.

Ilé ni mo ní kó o wá. Mi ò sọ igi. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí abẹ́ igi tó o sá sí lẹ́yìn Aṣejire ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ. Rọ́bà táyà kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrá. Iná tó ti gba inú afẹ́fẹ́ kọjá láti ìkùukùu dé ilẹ̀ kò ní ka rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kún. Èèyàn máa ń rò bẹ́ẹ̀ nítorí ẹni tó wà nínú mọ́tò sábà máa ń bọ́, ṣùgbọ́n ara irin mọ́tò tó yí i ká ló ń darí iná náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀, kì í ṣe táyà. Igi tó dá dúró, òpó iná, àtíbàbà ọlọ́jà tí kò ní ògiri, kò sí èyí tó dáa nínú wọn. Ilé tó ní ògiri àti òrùlé, tàbí inú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀, ìyẹn ni kó o sá sí. Ní ilé epo, má dúró lábẹ́ ìbòrí gíga tó wà lórí pọ́ǹpù. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó o wọ ọ́fíìsì.

Bó o ṣe máa mọ̀ pé ó ti sún mọ́ ọ: bí mànàmáná bá ti kọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá títí wàá fi gbọ́ tí àrá sán. Ìṣẹ́jú àáyá 3 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1. Bí o kò bá tíì ka 30 tí àrá fi sán, àgbègbè tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ ló wà, sọ̀ kalẹ̀. Má sì tún gun kẹ̀kẹ́ àfi tí 30 ìṣẹ́jú bá ti kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn, kódà bí oòrùn bá ti yọ. Bí kò bá wá sí ilé kankan nítòsí ńkọ́? Gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, rìn jìnnà sí i, wá ibi tó lọ sílẹ̀ tí omi ò dá sí, lóṣòó kó o pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, má sùn gbalaja. Kò dùn, kò sì gbani tán, àmọ́ ó sàn ju igi lọ.

Ó wá ku bí wàá ṣe pín ọjọ́ mẹ́ta rẹ. Ìbàdàn sí Ifẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 80 kìlómítà, Ifẹ̀ sí Iléṣà sì jẹ́ bíi 30. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fẹ́ pa méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè sinmi lọ́jọ́ kejì. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ọjọ́ kejì kúrú. Ọjọ́ kúkúrú yẹn ni owó tó o fi pamọ́: bí òjò bá dá ọ dúró ní Ìkirè tàbí Gbọ̀ngán lọ́jọ́ kìíní, wàá ṣì lè dé Iléṣà lọ́jọ́ kejì láìfi agídí wa kẹ̀kẹ́ kankan. Máa jáde ní ìdájí, bí ojú bá ti lè rí títì. Òjò oníjì kì í sábà jí kùtù, nítorí náà wákàtí mẹ́fà tàbí méje àkọ́kọ́ ni tìẹ. Bó bá fi máa di agogo kan ọ̀sán, ó yẹ kó o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kọ orúkọ àwọn ibi tó o lè yà sí sórí bébà, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: Aṣejire, níbi tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja wà, Ìkirè, Àpòmù, oríta Gbọ̀ngán, Ifẹ̀. Fi bíírò kọ ọ́, fi séló téèpù bò ó. Fóònù kì í gbọ́ràn sí ìka tó tutù lẹ́nu, bébà ò ní jà ọ́ níyàn. Ní ibi kọ̀ọ̀kan tó o bá dé, bi ara rẹ bóyá ọ̀run tó wà níwájú á jẹ́ kó o dé ibi tó kàn. Bí iyèméjì bá wà, ibi tó o wà yẹn ni. Òfin tèmi ni pé bí aago méjì bá lù tí òjò ò tíì dá, tí mo sì wà nílùú, ibẹ̀ ni mo ń sùn. Mi ò bá ọ̀sán jíròrò.

Ìwọ gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó dá rìn, ibi tí èrò wà ni kó o yà sí. Ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán, ilé ìwé tó wà ní títì pa láàárín igbó, má dé ibẹ̀, bí òjò náà ti wù kó le tó. Ọ̀nà tiwa lónìí kò gba kéèyàn máa dá fara pamọ́. Wá ibi tí àwọn obìnrin bá ti ń tajà, kí wọn, “Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ìyá,” kó o ní o fẹ́ ya òjò. Wọn á ti àpótí sí ọ nídìí. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ, mo sì ti gbọ́ ìtàn tó dùn jù nípa ojú ọ̀nà lábẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ju bí mo ti gbọ́ ọ lórí kẹ̀kẹ́ lọ. Ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ìwọ nìkan ni, sọ pé wọ́n ń retí rẹ níwájú. Má dárúkọ ibi tó o fẹ́ sùn. Kó o sì pe ẹnì kan nílé ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kó mọ ibi tó yẹ kó ti gbúròó rẹ tẹ̀ lé e.

Lórí aṣọ, mo máa já ọ kulẹ̀ díẹ̀: kò sí ohun tó o lè wọ̀ tí òjò ò ní pa ọ́. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́. Réńkóòtù á dá omi òjò dúró, òógùn tìrẹ á sì rin ọ́ láti inú. Nínú ooru tiwa, omi òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ lára. Ìgbà tó o bá dúró tàbí tó ò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú aṣọ tutù ni òtútù máa ń wọra, ìgbà yẹn gan-an ni kó o wọ réńkóòtù. Má wọ aṣọ òwú, ó ń mu omi, ó ń wúwo, kì í sì gbẹ bọ̀rọ̀. Irú jẹ́sì tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀ ló dáa. Fìlà tó ní etí níwájú, lábẹ́ akoto, kì í jẹ́ kí omi bọ́ sí ojú. Ní ẹsẹ̀, sálúbàtà olókùn tó dì mọ́ ẹsẹ̀ dáadáa sàn ju bàtà tó máa gba omi dúró lọ.

Aṣọ tó ṣe pàtàkì ni èyí tí o kò ní wọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹyọ kan: búláòsì, ṣòkòtò, àwọ̀tẹ́lẹ̀, ìbọ̀sẹ̀. Fi í sínú ọ̀rá dúdú tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí, ká ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tún fi òmíràn bò ó. Báàgì tí wọ́n kọ sí lára pé omi ò lè wọ̀ ọ́, máa ṣe bí ẹni pé irọ́ ni. Aṣọ gbígbẹ yẹn, inú ilé, lálẹ́, lẹ́yìn ìwẹ̀, nìkan ni wàá ti wọ̀ ọ́. Bó bá wá di àárọ̀, tí aṣọ ọ̀nà rẹ ṣì tutù nini lórí okùn, èyí tó tutù yẹn náà ni wàá tún wọ̀. Ibí yìí ló ti ń nira fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá wọ aṣọ gbígbẹ jáde láàárọ̀ torí ó ń sá fún òtútù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ní rí nǹkan kan wọ̀ sùn bí òjò bá tún dé. Fóònù náà, inú ọ̀rá méjì, pípa. Bí omi bá kàn án, má ki wáyà ṣájà bọ̀ ọ́ títí ihò rẹ̀ á fi gbẹ, má sì wulẹ̀ rì í sínú ìrẹsì.

Lórí títì fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń yọ̀ jù, nítorí epo ọkọ̀ àti eruku tó ti wà nílẹ̀ á léfòó sórí omi. Bí òjò bá ti fọ̀ ọ́ lọ, ó ń sàn díẹ̀. Ṣọ́ra fún ìlà funfun tí wọ́n kùn sójú títì, fún irin ojú afárá, àti fún ewé jíjẹrà. Bíréèkì tó ń di ríìmù mú kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ nínú òjò: rọ́bà rẹ̀ á kọ́kọ́ nu omi kúrò ni kó tó mú. Nítorí náà máa fọwọ́ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ kó o tó dé ibi tó o ti fẹ́ lò ó, kó o sì fi àyè sílẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Tú afẹ́fẹ́ táyà díẹ̀, díẹ̀ ni mo wí. Jíjò táyà á pọ̀ sí i, torí omi ń gbá ìgò fífọ́ àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà tírélà tó bẹ́ sí etí títì; nítorí náà mú túùbù tuntun dání, kó o kàn pààrọ̀ rẹ̀, torí lílẹ̀ kì í mú nínú òjò. Tan iná ẹ̀yìn, ọ̀sán gangan náà ni o.

Kòtò tí omi bò, o ò lè mọ bó ṣe jìn tó; ibi tí táyà ọkọ̀ gbà ni kó o gbà. Ibi tí omi bá sì ti ń ṣàn kọjá lórí títì, dúró. Omi tó bá dé orúnkún tó sì ń sáré lè gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ lábẹ́ rẹ, kẹ̀kẹ́ ò sì lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ Ìbàdàn ni ọ́, o ti gbọ́ ohun tí àwọn òbí ń sọ nípa Omíyalé Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ìwọ fúnra rẹ sì ṣeé ṣe kó o rántí èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 26 oṣù kẹjọ 2011. Odò kékeré ni gbogbo èèyàn mọ̀ wọ́n sí kó tó di ọjọ́ náà.

Jẹun kó tó di pé ebi ń pa ọ́. Òjò máa ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé oúnjẹ àti omi mímu, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró tú báàgì nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ á wá ṣàdédé kú lábẹ́ ẹni. Fi dòdò Ìkirè àti ẹ̀pà sí àpò iwájú, ibi tí ọwọ́ ti lè tó o. Fún ibi tí ara ti ń ra ara lórí ìjókòó, òrí ni. Fi pa á láàárọ̀ kó o tó jáde, kó o sì tún fi pa á lálẹ́.

Ní ti kẹ̀kẹ́, bó o bá ti dé, kí ìwọ tó wẹ̀, fi àkísà nu ṣéènì gbẹ, kán epo máṣíìnì ìránṣọ sí i, nu èyí tó bá ṣẹ́ kù kúrò. Bí òjò bá pa á púpọ̀, fi téèpù sàmì sí ibi tí òpó ìjókòó ga dé, yọ ọ́, kó o wá dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀. Ẹnu á yà ọ́ sí omi tó máa dà jáde nínú irin rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ló kù, òun ló sì gba ọgbọ́n jù. Láti Ìwárájà, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àfonífojì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Gígùn ún nínú wíniwíni kò burú, ó tilẹ̀ tù èèyàn lára. Sísọ̀ kalẹ̀ lódìkejì ni mi ò fẹ́ kó o ṣe nínú òjò: omi ń ṣàn kọjá lójú títì, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ wá sí ibi kọ́ńà, bíréèkì rẹ sì ti rẹ̀. Iléṣà ni kó o ti pinnu. Jáde síta ní ìdájí, wo apá òkè. Bí kùrukùru lásán bá ni, jẹun, dúró kó ká, kó o máa lọ. Bí ọ̀run bá ti dúdú níbẹ̀ láti àárọ̀, padà lọ sùn. Bí òjò bá sì ká ọ mọ́ Ẹ̀fọ̀n lẹ́yìn tó o ti gùn ún tán, má jẹ́ kí Aramọkọ tàbí Ìyìn tó wà nísàlẹ̀ tàn ọ́. Sùn ní Ẹ̀fọ̀n, kí o sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí títì bá ti gbẹ.

Èyí túmọ̀ sí pé ọjọ́ mẹ́rin ni kó o tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé rẹ, kì í ṣe mẹ́ta. Tọrọ rẹ̀ báyìí, kó o tó ra ohunkóhun.